Ọ̀rọ̀ Tí Alfa Kò Fẹ́ Fi Pamọ́

"Wallahi, 'fi pamọ́' ló tọ́," ni Hámzàt ń sọ. Ó ti sọ ọ́ títí tí etí òun fúnra ẹ̀ ti ń kùn.

Dámi ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Olè ló ń fi nǹkan pamọ́. Èèyàn gidi, ńṣe ló máa ń tọ́jú ẹ̀."

Hámzàt ní tí ìyá òun bá fi ẹran pamọ́ sísàlẹ̀ ìkòkò ńkọ́, ṣé olè nìyá òun ni? Dámi ní rárá o, ẹni tí ìyá ọ̀hún ń torí ẹ̀ fi ẹran pamọ́ gan-an lolè.

Bí wọ́n ṣe máa ń fà á nìyẹn nínú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí wọ́n jọ ń jókòó sí ní Sabon Gari nílùú Minna, lọ́dún 2005. Kọ́pà ni Dámi, láti Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti gbé e wá sí Minna. Ọmọ Ìlọrin ni Hámzàt, àmọ́ Minna ni wọ́n bí i sí, Hausa ló fi ń lálàá. Àwọn méjèèjì ló jọ ṣe ètò kan téèyàn lè fi tẹ ìwé lédè Yorùbá, ì báà jẹ́ Windows ló wà lórí kọ̀ǹpútà, ì báà jẹ́ Linux. Ohun tó kù tó ń dà wọ́n láàmú ni àpótí kékeré tó máa ń yọjú téèyàn bá fẹ́ pa ìwé dé. Lórí Windows, òyìnbó ló ń sọ: "Save?" Lórí Linux, Hámzàt ló kọ ọ́: "Ṣé kí n fi pamọ́?" Bẹ́ẹ̀ni wà lápá kan, Bẹ́ẹ̀kọ́ wà lápá kejì.

Ìjà yẹn ni wọ́n wà tí Alfa Àbdùlsàlámì fi wọlé, tó kí wọn, tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ìyẹn tó ń lo Linux. Maikunkele, létí Minna níbẹ̀, ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú. Lánàá, ó gbé ìyá ẹ̀ arúgbó wá síbí, ìyá ń sọ, òun ń tẹ̀ ẹ́: bí ìyá ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ìlọrin, tòun ti adìyẹ kan tó yé ẹyin sínú àpò ní Jebba, orúkọ gbogbo obìnrin tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ àti ẹrù tí kálukú gbé. Ọpọlọ ìyá ti ń gbàgbé nǹkan. Láàárọ̀ mìíràn, orúkọ bàbá Alfa ló fi ń pe Alfa.

Alfa wá ìwé náà títí. Kò sí níbẹ̀.

Hámzàt bi í bóyá ó dáhùn nígbà tí kọ̀ǹpútà bi í léèrè. Alfa ní òun kúkú dáhùn, Bẹ́ẹ̀kọ́ lòun tẹ̀.

"Kí ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìyá mi pamọ́ fún, Hámzàt ọmọ mi? Kò jalè. Mo fẹ́ káwọn ọmọ mi rí i kà ni."

Hámzàt tó máa ń rẹ́rìn-ín nílé òkú, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n ní kí ìyá tún un sọ. Alfa ní òun tún bi í nípa ọkọ̀ ọ̀hún láàárọ̀, kóun lè rí nǹkan fi kún un. Ìyá ní, "Ọkọ̀ ojú irin wo?"

Dámi fa pátákó ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ ara ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún àpótí náà ṣe, kó lè rí bákan náà lórí Windows àti Linux. Hámzàt sáré jáde, ó gun ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní àchàbà níbẹ̀, ó forí lé Maikunkele. Nígbà tó máa fi padà, ó ti gbé ìyá Alfa wá, ó sì ti gbé àpò kan lé ìyá lẹ́sẹ̀. Adìyẹ ló wà nínú ẹ̀.

Adìyẹ ké. Ìyá wo àpò náà, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.

"Dákẹ́," ló wí fún un. "Nàímátù ń sùn. Orí àpò iyọ̀ ẹ̀ ló gbórí lé."

Alfa sáré bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Orúkọ àwọn obìnrin inú ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe gbogbo ẹ̀, àmọ́ ó ń bọ̀. Nígbà tó rẹ ìyá, Alfa ní kóun pa ìwé dé. Àpótí tuntun yọjú: "Tọ́jú ẹ̀" lápá kan, "Jù ú nù" lápá kejì. Alfa kà á, kò ronú rárá, ó tẹ "Tọ́jú ẹ̀". Ó pa á dé, ó tún ṣí i. Nàímátù ṣì ń sùn lórí iyọ̀ ẹ̀.

"Alhamdulillah," ni Alfa wí. "Ó ti wà ní ìpamọ́."

Hámzàt yíjú sí Dámi.

"Ṣó o gbọ́, Kọ́pà? Pamọ́ ló pè é."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó gbé adìyẹ ẹ̀ há abíyá, ó sì jáde, ó ń rìn gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀ bí ẹni tí adájọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá láre.