Píkọ́ọ̀pù Tí Táíyé Fi Ránṣẹ́

"Kò sí ọkọ̀ kan tó gba orí omi wọ Nàìjíríà tí n kò lè sọ ìlú tí wọ́n bí i sí! Ẹ fi aṣọ dì mí lójú, ẹ fà mí lọ síbi ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì lásán. Bí mo bá ṣì í, ẹ gba sípánà lọ́wọ́ mi, kí ẹ gbé ẹ̀pà lé mi lórí kí n máa kiri!"

Kẹ́hìndé Rájí ló ń lérí bẹ́ẹ̀, láago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, láàárín ọgbà mẹkáníìkì ní Ṣógúnlé. Orí ọkọ̀ tirẹ̀ gan-an ló gùn, ó ń ju ọwọ́ bí olóṣèlú tó ń tọrọ ìbò. Ẹni tó ń lérí fún ni Ethan, ọkùnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú. Iṣẹ́ ẹrù ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún un o, ṣùgbọ́n ọkọ̀ àtijọ́ ni kì í jẹ́ kó sùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti rí píkọ́ọ̀pù Kẹ́hìndé lójú títì. Nígbà kan, ó fi ẹsẹ̀ sáré tẹ̀ lé e, tòun ti táì lọ́rùn. Lónìí ló tó rí i ká mọ́ inú ọgbà.

"Ẹ̀gbọ́n, inú fọ́tò nìkan ni mo ti rí irú ọkọ̀ yìí rí," ni Ethan wí. "Ibo lẹ ti rí i?"

"Jámánì! Táíyé, ìkejì mi, ló fi ránṣẹ́."

Kí a sọ òtítọ́, ọkọ̀ náà ò jọ ohun tí ẹnikẹ́ni lè pe orúkọ rẹ̀. Imú rẹ̀ rí pẹlẹbẹ bí ti ẹja àrọ̀. Iná iwájú rẹ̀ kan ń wo Mafoluku, èkejì ń wo Ìsọlọ̀. Ilẹ̀kùn òsì ò ṣeé ṣí láti inú, t'ọ̀tún ò ṣeé tì láti ìta. Kò ní orúkọ lẹ́yìn, kò ní níwájú, ibi tí wọ́n ti yọ orúkọ náà nìkan ló kù bí àpá. Onímú Ẹja ni gbogbo Ṣógúnlé ń pè é.

Kẹ́hìndé bẹ́ sílẹ̀, ó fi sípánà gbá nọ́ọ̀tì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. "Wo bí nọ́ọ̀tì yìí ṣe dì. Jámánì nìyẹn! Àwọn èèyàn yẹn kì í ṣeré."

"Ọjà Ládípọ̀ lo ti ra nọ́ọ̀tì yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá," ohùn kan dáhùn láti abẹ́ ọkọ̀ kejì. Alameen ni, ọ̀rẹ́ Kẹ́hìndé, tó ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe nínú ọgbà náà. "Èmi ni mo bá ọ ná an."

"Nọ́ọ̀tì ni mo rà, mi ò ra ihò rẹ̀. Ihò yẹn, ihò Jámánì ni!"

Gbogbo ọgbà bú sẹ́rìn-ín. Ethan náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, ó ń yọjú wo abẹ́ ọkọ̀. Ó ní bí òun bá rí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin ọkọ̀ náà, òun lè fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ òun lókè òkun, àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ irú ọkọ̀ báyìí. Wọ́n á sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é, wọ́n á sì sọ ibi tó gbà.

Ẹ̀rín kúrò lójú Kẹ́hìndé. "Ṣé wọ́n lè mọ ẹni tó fi ránṣẹ́? Àdírẹ́sì ẹ̀?"

"Nígbà míì, ẹ̀gbọ́n."

"Àdírẹ́sì yẹn ni kí o bá mi wá. Ẹ̀yà ọkọ̀ ò kàn mí. Ìfọ́tí kan péré ni mo fẹ́ fún Táíyé, kí n tó dì mọ́ ọn."

Ó ti di ọdún kẹrìndínlógún tí Kẹ́hìndé ti gbọ́ ohùn ìkejì rẹ̀ gbẹ̀yìn. Bí wọ́n ṣe pín ìrìnàjò ayé náà ni wọ́n ṣe pín ti Jámánì: Táíyé á kọ́kọ́ lọ wò ó bóyá ó dára, Kẹ́hìndé á sì tẹ̀ lé e. Táíyé gbéra, ó gba ọ̀nà òkè Ọya àti aginjù lọ. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ìyá wọn ní ó ti dé Jámánì. Kí ọdún tó parí, Onímú Ẹja dé ẹnu ọ̀nà wọn ní Mafoluku. Láti ìgbà náà, kò sí ìpè. Rárá, ìpè wà, ṣùgbọ́n ìyá ni Táíyé ń pè, ìgbà tí Kẹ́hìndé ò bá sí nílé nìkan ló sì ń pè. "Táíyé pè lánàá. Ó ní kí o má fi ojú lásán wo iná wẹ́dà mọ́. Ó ní kí o máa jẹun kí o tó jáde." Bí Kẹ́hìndé bá bèèrè ìdí tí kò fi pe òun, ìyá á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì Jámánì ò dára. Odindi Jámánì! Nígbà tó yá, Kẹ́hìndé ò bèèrè mọ́. Ó gbà pé òyìnbó ti jẹ orí ọmọ náà, pé kò fẹ́ kí òun wá bá a. Ó ń fi ọkọ̀ náà yangàn fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n bó bá ku òun nìkan pẹ̀lú rẹ̀, a máa ta á nípàá.

Ethan fi àkísà tó rẹ sínú kẹrosíìnì nu abẹ́ ìjókòó dírẹ́bà. Ìdọ̀tí ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀, àwo irin pẹlẹbẹ kékeré kan sì yọjú. Ó kà á, ó tún un kà, ó ya fọ́tò nọ́ńbà ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe Jámánì. Bùràsíìlì ni wọ́n ti ṣe é."

Alameen yọ orí síta lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. "Ẹ gbé ẹ̀pà wá o!"

Kẹ́hìndé ò tilẹ̀ gbọ́ ọ. Ó dúró bí ẹni tí iná gbé. Lẹ́yìn náà ló fò sókè, ó gbá Ethan mọ́ra tòun ti gírísì. "Bùràsíìlì! Irọ́ ni ọmọkùnrin yìí ń pa fún Màámi! Mo ti ń wá a ní Jámánì lọ́kàn mi láti ọjọ́ yìí, Bùràsíìlì ló wà! Abájọ tí mi ò fi rí i!" Ó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún gbogbo ọgbà. Ó bi Ethan ní iye wákàtí tí bàálù ń lò dé ibẹ̀, ó bi í bóyá òtútù wà. Ó ní òun á kọ́ èdè wọn, òun á kọ́kọ́ kọ́ èébú inú rẹ̀, nítorí Táíyé. Fún nǹkan bíi wákàtí kan, kò sí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó o ní gbogbo Ṣógúnlé.

Fóònù Ethan dún. Ó kà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka họ ọrùn.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti fèsì. Ọdún 1983 ni wọ́n ṣe é. Méjìlá irú rẹ̀ ni wọ́n kó wọ ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo, Àpápá ni wọ́n já gbogbo wọn sí. Oko adìyẹ kan ní Òkè-Àfà, tí wọ́n ń pè ní Ìfẹ́lódùn, ló rà wọ́n." Ó gbójú sókè. "Ọkọ̀ yìí ti wà ní Nàìjíríà kí wọ́n tó bí yín."

Alameen nìkan ló rẹ́rìn-ín, díẹ̀ péré.

"Ṣé ẹ rí i," ni Kẹ́hìndé wí, "ó ní láti jẹ́ pé owó ló fi ránṣẹ́ sí Màámi. Màámi wá lọ ra mọ́tò níbí, ó ní òkè òkun ló ti wá. Ẹ ò mọ àwọn ìyá?" Ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́. "Ẹni tó tà á á mọ ibi tí owó náà ti wá. Wọlé, Ethan. Gba ilẹ̀kùn ọ̀tún."

Ní Òkè-Àfà, ilé ló ti kún gbogbo ibi tí adìyẹ gbé ń sùn nígbà kan. Ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà ní ìkòríta sọ fún wọn pé ẹni kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù nínú àwọn ará oko náà, Bàbá Adébánjọ, ará Oǹdó, tó ń bójú tó àwọn ọkọ̀ wọn láyé ọjọ́un. Wọn ò tíì paná ọkọ̀ tán lẹ́nu ọ̀nà bàbá náà tó fi jáde síta pẹ̀lú ọ̀pá. Kò wo Kẹ́hìndé, kò wo Ethan. Ó kọjá lára wọn, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Nọ́ńbà Kẹsàn-án! O ṣì ń mí? Inú yàrá ni mo ti gbọ́ ikọ́ rẹ."

Kẹ́hìndé dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ilé, Bàbá. Ṣé ẹ rántí ẹni tí ẹ tà á fún?"

"Ta ló lè gbàgbé obìnrin yẹn? Mafoluku ló ti wá. Ẹ̀gbà ọrùn àti ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ló fi rà á. Kò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò! Ó ní kí n yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò. Ó ní kí n fọ ọ́, kí n kùn ún, kí ó dà bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé. Èmi náà wá fi ọgbọ́n tèmi kún un. Mo fọ́n lọ́fínńdà ìyàwó mi sí gbogbo ìjókòó!"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ethan rẹ́rìn-ín, ó ti gbé fóònù sókè, ó ń ya fídíò. Kẹ́hìndé náà rẹ́rìn-ín. Ó rántí ọjọ́ náà, bí òun ṣe ti imú bọ ìjókòó, tí òun ń pe gbogbo àdúgbò pé kí wọ́n wá gbọ́ òórùn Jámánì.

"Ẹ̀gbà ọrùn kẹ̀, Bàbá? Owó tí Táíyé fi ránṣẹ́ ńkọ́?"

"Táíyé?" Bàbá Adébánjọ fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ nà. "Ṣé ìyẹn kọ́ lèyí tó kú sínú aginjù?"

Ẹ̀rín ṣì wà lójú Kẹ́hìndé. Kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

"Ó jókòó síbí yìí," ni bàbá ń wí lọ, ohùn rẹ̀ ti ń rẹlẹ̀, "ó sunkún nígbà tí mo ṣáná sí ọkọ̀. Ó ní ọmọ méjì lòun bí lọ́jọ́ kan, ó ti ku ọ̀kan. Ó ní èyí tó kù ò gbọ́dọ̀ gbọ́, kó má baà bá èkejì lọ. Ó ní..." Ó wá wo ojú Kẹ́hìndé dáadáa. Ó yíjú sí Ethan. Ethan ti sọ fóònù kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí.

"Ìwọ ni," ni Bàbá Adébánjọ wí.

Wọ́n kọrí sí Mafoluku. Ilẹ̀kùn ọ̀tún ń gbá ara rẹ̀ pà, Ethan fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Kẹ́hìndé ń ronú kan ẹ̀gbà ọrùn tí ìyá rẹ̀ ní olè jí lọ́dún náà. Lẹ́yìn náà ló ronú kan àwọn ìpè. Má fi ojú lásán wo iná. Máa jẹun kí o tó jáde. Wọ súwẹ́tà, òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún! Ta ló ń bẹ ní Jámánì tó mọ̀ pé òjò bẹ̀rẹ̀ ní Mafoluku?

Ìyá Ìbejì, bí gbogbo àdúgbò ti ń pè é títí di òní, jókòó sí fàráńdà, ó ń ṣa ẹ̀wà lórí àwo pẹrẹsẹ. Ìsíátù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí ìyẹn mọ́. Ó rí ọmọ rẹ̀ tó ń bọ̀ láì pariwo, ó sì mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

"Òkè-Àfà ni mo ti ń bọ̀, Màámi."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀wà. "Adébánjọ ṣì wà láyé?"

"Ó wà."

"Mo ti rò pé á ti kú." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹnu bàbá yẹn ti máa ń yá jù."

Kẹ́hìndé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì lásán, bí ó ti ń jókòó nígbà tó wà ní kékeré. Ethan dúró sí ẹnu géètì, kò lè wọlé, kò lè lọ.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ọmọ kan tí wọ́n jọ rìn. Ó pè mí láti Líbíyà. Ó ní ọkọ̀ tó gbé wọn ló bàjẹ́, omi ò sì tó. Ó ní àwọn sin ín, àwọn kírun sí i lára." Ó ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà, ṣùgbọ́n èyí tó dára ló ń jù nù. "O ti di ẹrù sílẹ̀ nígbà náà. Báàgì rẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. O kàn ń retí kí Táíyé pè ọ́ ni."

Kẹ́hìndé rántí báàgì náà. Ó fi iwájú orí ti orúnkún ìyá rẹ̀. Ọkùnrin ẹni ogójì ọdún, gírísì lọ́wọ́, ó sunkún láì dún, ìyá náà sì gbé ọwọ́ tó ní eruku ẹ̀wà lé e lórí. Ọmọ aládùúgbò kan kọjá, ó kí i: "Ìyá Ìbejì, ẹ káàsán o." Ó ní, "Káàsán, ọmọ mi," bí ẹni pé kò sí nǹkan.

"Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ Jámánì, Màámi? Kí ló dé tí ẹ gbé e jìnnà tó bẹ́ẹ̀?"

Ìyá náà wo títì, ó ronú sí i, bí ẹni tí wọ́n bi ní ọ̀nà ibì kan.

"Nílé wa ní Ìsẹ́yìn, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọn kì í sọ fún èkejì pé ó kú. Wọ́n á ní ó lọ rajà l'Ékòó." Ó gbọn eruku ẹ̀wà nù lọ́wọ́. "Èkó la sì ń gbé."