Yánrin Abẹ́ Ààlè

Ọdún márùn-ún gbáko ni bàbá mi kò fi jẹun nílé mi. Omi pàápàá, wọn kò mu. Bí ọjà Ìkàrẹ́ bá gbé wọn wá láti Ọ̀kà, ẹnu ọ̀nà ni wọn yóò dúró sí, wọn yóò kí mi, wọn yóò gbé àwọn ọmọ mọ́ra, wọn yóò sì kọjá lọ. Gbogbo ayé ló mọ ìdí rẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti fi mí fún ọmọ ọ̀rẹ́ wọn ní Ọ̀kà, èmi sì lọ fẹ́ Clement ará Ìkàrẹ́, tíṣà ilé ìwé ìjọ. Lọ́dọ̀ tiwa, bí bàbá ìyàwó bá ti jẹun nílé ọkọ ọmọ rẹ̀, ó ti gba ọkọ náà nìyẹn. Bí kò bá tíì jẹ ẹ́, ẹnu ẹ̀bẹ̀ lẹ ṣì wà. Ẹ̀bẹ̀ náà ti sú mi.

Nínú ọyẹ́ ọdún kejì tí ilé ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ẹnìkan jíṣẹ́ fún mi pé, “Bàbá rẹ, Fágbàmílà, ní àwọn ń bọ̀ ní Sátidé. Bí o bá rí yánrin sè, àwọn á jókòó.”

Yánrin! Nínú ọyẹ́! Nígbà tí gbogbo ewé ìgbẹ́ ti gbẹ, tí àwọn ọdẹ sì ti finá sun èyí tó kù! Bàbá mi mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ohun tí kò ṣeé rí ni wọ́n béèrè, kí wọ́n lè tún kọjá lọ.

Mo ní iṣu tí ọkọ mi gbìn sẹ́yìnkùlé. Mo ní ẹ̀gúsí tí mo gbìn, tí mo fi ọwọ́ ara mi bó. Ìyere tí mo já lórí igi nínú igbó ti gbẹ sórí àjà. Ewé ló kù. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá a. Ètè mi bó, gìgísẹ̀ mi là, mo sì ń bá gbogbo ènìyàn jà nílé. Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè ni mo dé etí odò kan nísàlẹ̀ àdúgbò wa. Mo rí yánrin níbẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀. Láàárín rẹ̀ gan-an ni wọ́n ri igi kan mọ́, wọ́n sì so àkísà pupa, òòyà tó kán àti ìkarahun ìgbín mọ́ ọn.

Ààlè ni. Ó túmọ̀ sí pé ibẹ̀ ní ẹni tó ni ín, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Inú bí mi débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ lémi nìkan. Ta ló gbìn ín? Ta ló ro oko rẹ̀? Ohun tí Ọlọ́run gbìn sí etí odò, ta ló ní kí ènìyàn kan lọ fààlè lé e? Mo padà délé, mo sọ fún Clement. Ó bú sẹ́rìn-ín.

“Àkísà ni, Abíọ́nà. Àkísà àti òòyà.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo padà lọ, mo já yánrin kún agbọ̀n. Mo yẹra fún igi ààlè náà bí mo ti ń já a, bí ẹni pé ìyẹn yóò dín ẹ̀ṣẹ̀ mi kù.

Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kò jẹ́ kí iná dúró lójú kan. Èéfín kó sí mi lójú, omijé ń bọ́. Mo bọ yánrin náà lẹ́ẹ̀kan, mo fún un lẹ́ẹ̀kan péré, nítorí bàbá mi fẹ́ràn kíkorò rẹ̀. Mo lọ ẹ̀gúsí lórí ọlọ, mo dà á sínú epo ní ṣíṣù ṣíṣù, mo fi irú àti ìyere sí i. Clement ń gúnyán tagbára tagbára bí ẹni tó ń ṣe ìdánwò. Òórùn ọbẹ̀ náà gba gbogbo agbo ilé.

Bàbá mi dé. Wọ́n wọlé. Wọ́n jókòó! Wọ́n fọwọ́, wọ́n bu òkèlè, wọ́n fi kan ọbẹ̀, wọ́n gbé e sókè.

“Níbo lo ti rí yánrin tútù báyìí?”

Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí Clement fèsì.

“Etí odò ni, Bàbá. Wọ́n tilẹ̀ fi àkísà kan ṣeré síbẹ̀, Abíọ́nà kò kà á sí.”

Ǹ bá fún un lọ́rùn. Bàbá mi rọra dá òkèlè náà padà sínú àwo.

“Ààlè ni, Abíọ́nà?”

“Ààlè ni, bàbá.”

Wọn kò pariwo. Ká ní wọ́n pariwo ni, ì bá sàn. “Ùwọ tí mo bí? Ẹni tó fi ààlè lélẹ̀ nìkan ló lè ní ká jẹ ẹ́.” Wọ́n mú fìlà, wọ́n lọ sí ìdíkọ̀.

Mo bọ́ síta, mo ń béèrè ẹni tó fààlè sí etí odò láti ilé dé ilé. Nílé kẹrin ni mo ti bá Ìyá Rùkáyàt, ìyá arúgbó kan tó ń fa tẹ̀súbáà.

“Èmi ni mo fààlè síbẹ̀. Nítorí ewúrẹ́ Tìjání aládùúgbò mi ni.”

“Ìyá, ṣé ewúrẹ́ mọ ààlè ni?”

“Tìjání mọ̀ ọ́n.”

Mo jẹ́wọ́ fún wọn, wọ́n ní àwọn ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá sọ bẹ́ẹ̀ lójú bàbá mi. Wọ́n wá ìborùn, wọn kò rí i. Wọ́n wá bàtà. Gbogbo ẹni tí a pàdé lọ́nà ni wọ́n dúró kí, wọ́n sì béèrè àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti sáré gbé ìkòkò ọbẹ̀ sórí, Clement gbé iyán tẹ̀ lé mi, síbẹ̀ a tún ní láti dúró dè wọ́n. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ké.

Ọkọ̀ Ọ̀kà ti ń kùn nígbà tí a dé. Bàbá mi wà lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi.

“Bàbá Abíọ́nà,” Ìyá Rùkáyàt wí, “èmi ni mo ni ààlè yẹn. Mo ti yọ̀ǹda. Ẹ jẹun.”

Bàbá mi wo ìyá náà, wọ́n wò mí, wọ́n fọwọ́. Iyán ti le. Eruku ń fẹ́ lu ọbẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́ níwájú dẹ́rẹ́bà, níwájú gbogbo èrò ọkọ̀, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì lá ìka wọn.

“Ó dùn, Abíọ́nà. O kò fún un jù.”

Ayọ̀ gba ọkàn mi. Clement dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku pẹ̀lú ṣòkòtò funfun. “Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ jẹun wa.”

Bàbá mi gun ọkọ̀. Wọ́n jókòó dáadáa kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

“Mo jẹ ẹ́, Tíṣà, n kò lè ní n kò jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìdíkọ̀ ni mo ti jẹ ẹ́. Ulé rẹ kọ́.”

Ọkọ̀ gbéra, eruku bò wá. Clement dìde, ó ń gbọn ṣòkòtò rẹ̀.

“Wọ́n ṣáà jẹ ẹ́,” ni ó wí.

“Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀,” ni mo wí. Mo gbé ìkòkò òfìfo sórí, mo sì ń sunkún ìbínú lọ sílé lójú gbogbo ọjà.