Kànga Tí Ogun Fi Òkú Dí

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wọn. Kí wọ́n tó rí òrùlé tó jóná, kí wọ́n tó rí àká iṣu tí wọ́n tú ká, òórùn náà ti jáde wá sẹ́nu ọ̀nà oko bí ẹni pé òun ló ni abúlé báyìí. Ó dùn díẹ̀, ìyẹn ló sì burú jù nínú rẹ̀: ó dùn bí èso tó ti rà kọjá rírà, ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́nà ọ̀fun. Àlúkò tutọ́. Ó tún tutọ́. Òórùn kò bá itọ́ lọ.

Ó di ọjọ́ kẹrin tí ogun ti ya wọ abúlé wọn, tó wà lọ́nà ìlú Kika. Àwọn tó lè sáré sá pamọ́ sáàárín àpáta, àwọn náà ló padà wá yìí. Àwọn ọ̀dọ́ tó lágbára, wọ́n dè wọ́n lókùn, wọ́n kó wọn lọ. Àwọn tó jà, àti àwọn tí kò lè rìn, wọ́n pa wọ́n, wọ́n sì kó wọn sínú kànga kan ṣoṣo tó wà láàárín ilé, pẹ̀lú ewúrẹ́ tí wọ́n dúńbú, kí ẹnikẹ́ni má bàa lè gbé ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ọyẹ́ ń fẹ́, odò ti gbẹ di yẹ̀pẹ̀. Èṣinṣin nìkan ni ara rẹ̀ yá gágá.

Àlúkò kì í ṣe àjèjì sí ogun. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí ogun mìíràn gbé e. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí tó fi dé Abẹ́òkúta, níbi tí onígbàgbọ́ kan ti rà á sílẹ̀ tó sì kọ́ ọ ní ìwé. Ibẹ̀ ló ti gba Jésù gbọ́. Nígbà tó dàgbà, ó wá àwọn ènìyàn rẹ̀ dé ilé. Ó bá bàbá rẹ̀ ní sàréè, ó bá Látífátù, àbúrò rẹ̀ obìnrin, nílé ọkọ. Mùsùlùmí ni gbogbo wọn. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n fún un ní oko, wọ́n sì jẹ́ kó máa ka Ìwé rẹ̀ lábẹ́ igi òrí. Ẹnì kan ṣoṣo ló bá a wá láti Abẹ́òkúta, Sílà, oníṣòwò aṣọ àti iyọ̀, tí ohùn rẹ̀ máa ń dùn bó bá ń gbàdúrà, tí òun náà sì mọ̀ pé ó ń dùn.

Sílà ló wà létí kànga báyìí, ó fi aṣọ funfun bo imú.

“Olúwa kì í ṣe àṣìṣe,” ni ó ń wí. “Bóyá ẹ̀ṣẹ̀ abúlé yìí ló kún. Ẹ má sunkún. Ẹni tó ní ìgbàgbọ́ kì í sunkún bí aláìnírètí. Ọpẹ́ ló yẹ wá.”

Ó sọ aṣọ náà kalẹ̀ díẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè jáde dáadáa. Èṣinṣin ńlá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú kànga jáde bà lé e létè. Ó rìn láti etí kan dé etí kejì ètè náà, Sílà kò sì dá ọ̀rọ̀ dúró.

Àlúkò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bì. Nígbà tó nàró, kò mọ èyí tó mú òun bì, òórùn kànga ni tàbí ọ̀rọ̀ ọpẹ́ yẹn.

Látífátù jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú. Kò tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀, Tàírù, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àdá kí òun lè ráyè sá. Omijé kan kò tíì bọ́ lójú rẹ̀.

Àáfà Kàrímù ló fọhùn, àgbà ilé, tí wọ́n kó ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì lọ.

“Omi tó sún mọ́ wa jù, ìrìn ìdajì ọjọ́ ni. Àwọn ọmọ yìí kò lè rìn ín. Ẹnì kan ní láti wọ kànga yìí.”

Gbogbo wọn ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Nígbà tó yá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í yí sọ́dọ̀ Àlúkò, nítorí kò sí ọkùnrin mìíràn tí apá rẹ̀ le. Ó kórìíra wọn fún ojú yẹn. Ó kórìíra ara rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ó ti mọ̀ pé òun yóò lọ.

“Ẹ mú okùn wá,” ó ní.

“Arákùnrin,” Sílà sọ wẹ́lẹ́, “ìwọ tí o ti ṣèrìbọmi, o fẹ́ fọwọ́ kan irú nǹkan yìí?”

“Ta ni kó wá fọwọ́ kàn án? Áńgẹ́lì?”

Látífátù dìde. Ó bu òrí sí ìka, ó fi dí ihò imú méjèèjì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì padà lọ jókòó.

Wọ́n fi okùn sọ Àlúkò kalẹ̀ sínú kànga. Òrí náà kò ṣe é ní àǹfààní kankan. Òórùn náà gba ẹnu wọlé, ó gba ojú. Ògiri kànga ń yọ̀, ohun tó ń mú un yọ̀ kì í ṣe omi. Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ dì mọ́ okùn, ikùn rẹ̀ ti wú, ó bẹ́ nígbà tí wọ́n ń fà á lọ sókè, ohun inú rẹ̀ sì dà lé Àlúkò lórí. Ó bì títí kò fi sí ohun tó lè bì mọ́. Lẹ́yìn náà arúgbó kan. Lẹ́yìn náà ọmọ ọwọ́ kan, tí kò wúwo ju akèrègbè lọ.

Lẹ́yìn náà Tàírù. Ìgbànú awọ rẹ̀ ló fi dá a mọ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú láti gbé e, awọ ọwọ́ náà sì bọ́ sí i lọ́wọ́.

Àlúkò gbé ojú sókè, síbi tí ojú ọ̀run rí bí àwo kékeré.

“Olúwa!” ó kígbe, kànga sì gba igbe náà. “Ṣé Ìwọ kò ní imú ni? Àbí ọ̀run ga tó bẹ́ẹ̀ tí òórùn wa kò fi dé ọ̀dọ̀ Rẹ? Ìwọ lo mọ ọkùnrin yìí. Ìwọ lo to ìka sí i lọ́wọ́. Wò ó, ó ń bó bí èèpo iṣu sísè. Mo pè Ọ́ láàárín àpáta, O dákẹ́. Mo tún ń pè Ọ́ nínú ẹ̀gbin yìí. Mo kórìíra ohun tí O jẹ́ kí ojú mi rí. Mo kórìíra rẹ̀! Ṣùgbọ́n ta ni mo tún ní tí mo lè wí i fún?”

“Ọ̀rọ̀ òdì nìyẹn!” Sílà bẹ orí wo inú kànga. “Àlúkò, bẹ Ọlọ́run!”

“Ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀! Àwọn àgbà inú Ìwé sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ pé ó bí I nínú, ì bá ti fa àwọn ojú ewé yẹn ya.”

“Jẹ́ kó sọ ọ́,” ni Àáfà Kàrímù wí. “Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń sọ ọ́.” Ó fi ọwọ́ méjèèjì di okùn mú, ó ní: “Àmín.”

Wọ́n fa Tàírù jáde. Látífátù rí ìgbànú náà. Ó la ẹnu, ohun tó jáde kò kọ́kọ́ ní ohùn, àfi ìgbà tó yá tí ẹkún náà bẹ́ bí àgbàrá. Ni gbogbo abúlé tí ojú wọn ti gbẹ láti ọjọ́ mẹ́rin bá bú sẹ́kún. Okùn fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Àáfà, Sílà bá fò mú un. Òkú tó tẹ̀ lé e gòkè bá a níbẹ̀, ó sún mọ́ ọn lójú. Sílà bì sórí aṣọ funfun rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fi okùn sílẹ̀. Kò sì tún wàásù mọ́ lọ́jọ́ náà.

Òkú mọ́kànlá ni wọ́n sin. Kò sí omi tí wọ́n lè fi wẹ̀ wọ́n, iyanrìn mímọ́ ni Àáfà fi pa wọ́n lára.

Wọ́n fi ọjọ́ mẹ́sàn-án gbọ́n kànga, àwọn obìnrin sì ń rin ìdajì ọjọ́ lọ pọn omi díẹ̀ tí wọ́n ń mu. Àlúkò fi eérú fọ ọwọ́, ó fi iyanrìn fọ̀ ọ́, ó fi ewúro fọ̀ ọ́. Bó bá gbé òkèlè súnmọ́ ẹnu, á tún dá a padà sínú àwo. Ẹ̀gbin náà kò kúrò. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, omi bẹ̀rẹ̀ sí í sun láti inú àpáta ìsàlẹ̀. Wọ́n gbọ́n ìyẹn náà dànù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìkẹrin mọ́ gaara, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ fẹnu kàn án. Àlúkò gbé igbá. Ó mu ún. Gbogbo ara rẹ̀ kọ̀ ọ́, ó di ẹnu pọ̀, ó sì gbé e mì. Ó dúró díẹ̀ lójú gbogbo wọn. Kò bì. Àwọn ọmọdé bá rọ́ wá.

Nígbà tí èrò tú ká, Látífátù dúró tì í.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nísàlẹ̀ yẹn, ṣé ó wà nínú Ìwé yín?”

“Irú rẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń bá Ọlọ́run jà bí aya tó ń bá ọkọ rẹ̀ jà, ṣùgbọ́n tí kò di ẹrù rẹ̀ jáde nílé.”

“Ó ń dá wọn lóhùn?”

“Nígbà mìíràn. Nígbà mìíràn, ẹkún náà á parí, kò ní tíì dáhùn.”

“Kí ni wọ́n wá ń ṣe?”

“Ilẹ̀ á mọ́, wọn á tún pè É.”

Ó pọn omi sínú ìkòkò rẹ̀. “Inú mi ṣì ń ru,” ó ní.

“Tèmi náà.”

Látífátù gbé ìkòkò omi rù. Ó ti rìn díẹ̀ kó tó dúró, kò bojú wẹ̀yìn, ó gbé ojú sí ọ̀run, kò sì jọ pé Àlúkò ló ń bá sọ̀rọ̀.

“Tàírù ni orúkọ ọkọ mi,” ó ní, pẹ̀lú ìbínú. “Tàírù. O kò gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀.”