Bí Ebenésérì Ṣe Bọ́jú

1.

…kò jáde. Ọkọ mi, Jonathan, tún tẹ bọ́tìnnì omi tó ń fọ gíláàsì. Kò jáde. Wáípà ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń fi eruku pupa ya abẹ̀bẹ̀ méjì sórí gíláàsì iwájú ọkọ̀ wa. Tìpá tó kó yanrìn kọjá ti lọ ní tirẹ̀. Eruku rẹ̀ nìkan ló fi sílẹ̀ fún wa.

Jonathan yọ orí síta lójú fèrèsé bí adìyẹ tó fẹ́ mọ ẹni tó wọ agbo ilé.

"Ewúrẹ́!" ni mo pariwo.

Ewúrẹ́ yè. Àwa náà yè. Ẹ̀gẹ́ olóko kan ló fara gbá a.

Lẹ́yìn ọkọ̀, ìyá ọkọ mi ò dákẹ́ orin ìyìn tí wọ́n ń kọ bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí ọkọ̀ dúró sáàárín ẹ̀gẹ́ ni wọ́n tó béèrè pé, "Ṣé a ti délé ni?"

Wọn ò ríran dáadáa. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

2.

Ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìdáná, kí gbogbo ilé lè rí i, àyàfi ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn:

        ỌJỌ́BỌ̀. MÀMÁ Ń LỌ ṢE IṢẸ́ ABẸ OJÚ NÍ ÌBÀDÀN.
        KÍ WỌ́N MÁ JẸUN ÀÁRỌ̀.
        KÍ A TÈTÈ DÉ.
        DÓKÍTÀ Ń RÌNRÌN ÀJÒ.
        BÍ A BÁ TÀSÉ RẸ̀, Ó DI ÌGBÀ TÍ ÒJÒ BÁ PARÍ.

Lábẹ́ rẹ̀, bírò mìíràn, ọwọ́ Jonathan:

        Ojú òsì ti lọ. Ọ̀tún ò ní dúró de òjò.

3.

Ohun tí a sọ lábẹ́ igi máńgòrò nílé wa ní Erúnmu, ọjọ́ Ajé, nínú ọyẹ́ ọdún 1992.

MÀMÁ: Mi ò lọ mọ́.

JONATHAN: Màámi, ẹ ti gbà.

MÀMÁ: Mo gbà kí n tó mọ̀ pé ọkọ̀ rẹ náà fọ́jú. Afọ́jú méjì ò gbọdọ̀ jọ jáde. Ta ni yóò rí kòtò?

ÈMI: Ẹ jẹ́ ká wọ mọ́tò elérò, Màámi.

MÀMÁ: Ìyàwó mi, kí n bímọ tó ní mọ́tò, kí n wá lọ jókòó ti agò adìyẹ?

RÙKÁYÁTÙ (aládùúgbò wa, láti ẹ̀yìn ògiri): Màmá, ṣé kí Ebenésérì ṣáà ti bọ́jú ni ẹ̀ ń fẹ́?

MÀMÁ: Kó bọ́jú níwájú mi. Kí n fi etí ara mi gbọ́ omi lójú rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé ni màá wà.

4.

Ebenésérì ni orúkọ ọkọ̀ náà. A kọ ọ́ sí i lẹ́yìn lọ́jọ́ tí àlùfáà gbàdúrà sí i. Olúwa sì ti ràn wá lọ́wọ́ títí dé ìhín. Títí dé inú ẹ̀gẹ́.

5.

Èmi ni omi.

Láti kànga ni mo ti wá. Wọ́n rọ mí sínú ike kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí awakọ̀ bá tẹ bọ́tìnnì, pọ́ǹpù kékeré kan á tì mí. Mo gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́. Rọ́bà pín sí méjì. Mo gba imú wínníwínní méjì jáde sójú gíláàsì.

Ó yẹ kí n jáde.

6.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Jonathan, akọ̀wé nílé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn, dé láti ibi iṣẹ́, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ti orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ṣé omi wà nínú ike? Ó wà.

Ṣé pọ́ǹpù ń ké? Ó ń ké bí ẹ̀fọn.

Ó yọ rọ́bà kúrò lẹ́nu pọ́ǹpù, ó ní kí n tẹ bọ́tìnnì. Mo tẹ̀ ẹ́. Omi tú sí i láyà.

"Ògo ni fún Olúwa!" ni mo wí.

"Àmín. Jọ̀ọ́, má tẹ̀ ẹ́ mọ́."

Pọ́ǹpù yè, nígbà náà. Iwájú ni ìdènà wà.

7.

Ohun tó bá níwájú:

rọ́bà tó ti sán níbi tó ti pín sí méjì, tí omi ń gba ibẹ̀ ṣòfò

èérí àwọ̀ ewé, ó ń yọ̀ bí ara ẹja àrọ̀

amọ̀

Amọ̀ nínú imú méjèèjì! Kòkòrò tó ń fi amọ̀ kọ́lé ti kó wọbẹ̀, ó ti di onílé. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Mo rántí ọkùnrin tí Olúwa fi amọ̀ pa lójú, tó ní kó lọ wẹ̀, tó sì padà wá pẹ̀lú ìríran. Mo sọ ọ́ fún Jonathan.

Ó ní òun mọ ìtàn náà, kí n lọ mú abẹ́rẹ́ wá.

8.

Abẹ́rẹ́ ìránṣọ mi ló fi gbẹ́ onílé yẹn jáde. Rọ́bà dírípù tuntun tí nọ́ọ̀sì kan fún wa ló fi pààrọ̀ èyí tó sán. Ó fi ẹnu fẹ́ ẹ wò bóyá afẹ́fẹ́ ń kọjá. Afẹ́fẹ́ kọjá. Èérí tó kù nínú ìyókù rọ́bà náà kọjá, sí ẹnu rẹ̀.

Ó tutọ́ títí a fi jẹun alẹ́.

9.

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́. A gbé àga Màmá síwájú ọkọ̀.

JONATHAN: Ó yá, tẹ̀ ẹ́.

(Mo tẹ̀ ẹ́. Omi fò kọjá gíláàsì. Ó fò kọjá òrùlé ọkọ̀. Ó fò kọjá ògiri.)

RÙKÁYÁTÙ: Yéè! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá tán ni o!

JONATHAN: Ẹ má bínú, Alhaja!

RÙKÁYÁTÙ: Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní ká fọ ojú. Ẹ̀yin onígbàgbọ́ ti bá mi sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹrin!

(Jonathan fi abẹ́rẹ́ dorí imú méjèèjì kọ ìsàlẹ̀ díẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ṣììì. Sójú gíláàsì gan-an.)

MÀMÁ: Mo gbọ́ ọ. Ẹ bá mi di ẹrù mi.

11.

(Mo fo ẹ̀kẹwàá. Kì í ṣe àṣìṣe. A ò tíì mọ̀ ọ́n nígbà náà ni.)

Ọjọ́bọ̀, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Màmá jókòó níwájú, wọ́n wé gèlè funfun. A ò tíì dé Ẹgbẹ́dá tí tìpá kan fi yọ. Eruku bò wá.

Jonathan wò mí nínú dígí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tẹ bọ́tìnnì. Omi jáde! Wáípà lọ, wáípà bọ̀.

Gíláàsì funfun bí omi ògì.

MÀMÁ: Ṣé ó mọ́?

12.

 

13.

(Bí a ṣe dá wọn lóhùn nìyẹn.)

14.

Jonathan rọra yà sẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí àwọn obìnrin kan ti ń yan gàrí. Àwa méjèèjì sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ìka kan gíláàsì. Ó gbóòórùn ìka náà. Ó nà án sí mi nímú.

Òróró.

Òróró àdúrà. Kò sẹ́ni tí kò mọ òórùn ìgò yẹn nílé wa. Abẹ́ ìrọ̀rí Màmá ló ń gbé.

10.

Mi ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Màmá bá kọ ọ́ fúnra wọn, bí wọn ì bá ṣe kọ ọ́ nìyí:

Èmi Àmọ̀pé fọwọ́ tọ ara ọkọ̀ lọ, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, nígbà tí àwọn ọmọ mi wọlé lọ jẹun. Wọn ò tíì pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Mo wá ẹnu ike náà títí mo fi kàn án. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti sọ fún wọn pé ọ̀nà ló ń bà mí lẹ́rù. Irọ́ ni. Ọ̀bẹ ni. Mo ṣí ìgò mi. Mo ní, Olúwa, ohun tí o bá ṣe fún ojú yìí, ṣe é fún tèmi. Ẹ̀kán díẹ̀ ni mo ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n n kò rí i, ọwọ́ mi kì í sì í fà sẹ́yìn níbi àdúrà.

15.

ÈMI (mo rọra sọ ọ́): Ṣé ká sọ fún wọn?

JONATHAN: Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọwọ́ àwọn ló tún fọ́ ọ lójú, wọ́n á ní Olúwa ò fẹ́ ká lọ.

MÀMÁ (láti inú ọkọ̀): Kí lẹ̀ ń ṣe níta?

ÈMI: À ń ra gàrí, Màámi!

Mo sì ra gàrí lóòótọ́, kí ọ̀rọ̀ mi má bàa di irọ́.

Àwọn obìnrin náà bù fún wa ní omi, wọ́n sì gbọn eérú tútù, èyí tó kúnná, sínú igbá. Ẹni tó bá ti fọ ìkòkò ọbẹ̀ rí mọ bí eérú ṣe ń bá òróró jà. Mo tú ìborùn mi. Jonathan da omi ike nù, ó rọ òmíràn. Mo fi eérú fọ gíláàsì, mo ṣàn án, mo tún un fọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyá, ṣé ọkọ̀ lẹ̀ ń fọ̀ ni àbí ẹ̀ ń wẹ ọmọ tuntun?"

A wọlé. Jonathan tẹ̀ ẹ́.

Mo rí gbogbo ewé orí igi kòkó kan lókèèrè.

MÀMÁ: Ṣé ó mọ́?

JONATHAN: Ó mọ́, Màámi.

MÀMÁ: Ẹ ṣeun, Olúwa.

16.

Ara ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù:

        ẸNI TÓ WÁ KÍ ALÁÌSÀN KÒ GBỌDỌ̀ JÓKÒÓ SÓRÍ BẸ́Ẹ̀DÌ.

(Mo jókòó.)

17.

Iṣẹ́ abẹ ti parí. Wọ́n ti di ojú Màmá.

MÀMÁ: Ìyàwó mi.

ÈMI: Màámi.

MÀMÁ: Gàrí àárọ̀ yẹn, ṣé ẹ ti jẹ nínú rẹ̀?

ÈMI: Rárá o, Màámi.

MÀMÁ: Kí ẹ tún un jọ̀ dáadáa. Eérú ń rùn lára ìborùn rẹ.

(Wọ́n rẹ́rìn-ín lábẹ́ báńdéèjì. Wọ́n wá ọwọ́ mi títí wọ́n fi rí i. Wọn ò fi í sílẹ̀.)

18.

Àárọ̀ òní. Nọ́ọ̀sì ti dé, ó ti ń tú aṣọ ojú Màmá.

Màmá ní Ebenésérì ni òun fẹ́ kọ́kọ́ rí. Jonathan ti wà á wá sábẹ́ fèrèsé, ó dojú rẹ̀ kọ wá. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń pariwo lé e lórí pé ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ó ń bẹ̀ ẹ́. Ó ń tẹ bọ́tìnnì. Omi ń fọ́n, oòrùn wọ inú rẹ̀, wáípà ń lọ, ó ń bọ̀.

Ìpele aṣọ tó kẹ́yìn bọ́ sílẹ̀.

Mo ní, "Màámi, ṣé ó mọ́?"

Wọ́n ṣẹ́jú. Wọ́n tún ṣẹ́jú. Wọ́n yí orí sí fèrèsé, wọ́n la ẹnu, wọ́n ní, "Ó mọ́, ìyàwó mi. Ebenésérì ti bọ́jú."