Alùpùpù Tí Kò Lóhùn

Bàbá Òṣùwọ̀n kò rí ibi jókòó sí láti ọjọ́ tó ti ta alùpùpù rẹ̀ àtijọ́ tó sì ra tuntun. Bó bá wà nínú yàrá, á dìde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Bó bá dé ẹ̀yìnkùlé, á dúró wo alùpùpù tuntun náà lábẹ́ páànù, á fọwọ́ kàn án lórí, á ní "Hẹ̀n," á sì padà wọlé. Bí ẹni tó ń wá nǹkan ni, nǹkan ọ̀hún sì rèé níwájú rẹ̀, ó ń dán yinrin.

Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni kó máa lọ láti ìlú dé ìlú, kó máa yẹ òṣùwọ̀n àwọn oníṣòwò wò, kó sì máa tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe. Irin mẹ́fà ló ń gbé kiri nínú àpótí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù, ó mọ ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ẹni mọ ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀. Yóò gbé irin lé òṣùwọ̀n ẹlẹ́ran, yóò bẹ̀rẹ̀, yóò wo abẹ́rẹ́. Bí ẹlẹ́ran bá ń jiyàn pé kò sóhun tó ṣe òṣùwọ̀n òun, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ fún un: "Èmi ò bá ẹ jà o. Abẹ́rẹ́ ni kó o lọ bá jà. Abẹ́rẹ́ kì í purọ́."

Alùpùpù àtijọ́ yẹn gbé e kiri fún ọdún mọ́kàndínlógún. Arúgbó ló ń pè é. Alùpùpù ńlá ni, ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Ó ń gbọ̀n, ó ń ké, bó bá sì ń wọ àdúgbò bọ̀, ife inú kọ́bọ́ọ̀dù á ti máa mì kí olówó rẹ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà. Gbogbo aago ojú rẹ̀ ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ta ló ń wo aago? Àtẹ́lẹwọ́ Bàbá Òṣùwọ̀n, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ ló ń sọ fún un bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣe. Ohun tí a bá ní là á náání. Ó náání Arúgbó débi pé aṣọ ìnujú ara rẹ̀ ló fi ń nù ún.

Kí ló wá dé tó fi tà á? Nítorí ìyàwó rẹ̀ ni. Aránṣọ ni obìnrin náà, iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ní gbogbo ọdún tí Arúgbó lò ní ilé yẹn, obìnrin náà kò gùn ún ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ. Àfi bó ṣe di ọdún méjì sẹ́yìn tó déédéé ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ ìrìn àjò, tó ní òun ń bá ọkọ òun lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìlú tí wọn kì í jọ lọ. Á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, á máa fi orúnkún méjèèjì tẹ̀ ẹ́ ní ìbàdí, nígbà mìíràn á sì fọwọ́ gbá a léjìká jẹ́jẹ́. Inú Bàbá Òṣùwọ̀n kò mọ níwọ̀n. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé ìyàwó òun ti ń gbádùn ọ̀nà, pé ìfẹ́ ọjọ́ ogbó ló dùn jù.

Nígbà tó wá rí alùpùpù tuntun kan tí ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ ga, tó rọ̀, tó sì ní ibi tí èèyàn lè fẹ̀yìn tì bí ẹni jókòó sórí àga pálọ̀, ó ní tìyàwó òun rèé. Ó ta Arúgbó fún tíṣà kan tó ń gbé ní òpin àdúgbò, ó sì wa tuntun wọlé. Àwọn ará àdúgbò ní Bàbá Òṣùwọ̀n ti gbé ìyàwó tuntun. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyálé kò bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gùn ún. Ìlú tí kò jìnnà ni wọ́n lọ, nígbà tí wọ́n sì padà dé, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí àṣíborí rẹ̀, ojú rẹ̀ le koko.

"Ẹ gbé e padà," ló wí.

"Kí ló ṣe é? Àbí ìjókòó yẹn ò rọ̀ tó?"

"Ẹ ṣá gbé e padà, Bàbá."

Ó yíjú, ó tún sọ nǹkan kan bó ṣe ń wọlé lọ, ṣùgbọ́n Bàbá Òṣùwọ̀n kò mọ ohun tó sọ. Ó mi orí bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Ó dáa, ó dáa."

Bí ilé náà ṣe dà rú nìyẹn. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí wọ́n bá ń jẹun, Bàbá Òṣùwọ̀n á rí i tí ẹnu ìyàwó rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, kò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Lójú tirẹ̀, obìnrin náà ti ń yodì, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nítorí kò fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀. Ṣé nítorí alùpùpù? Ọkùnrin ra ohun ìrọ̀rùn fún ìyàwó, ó wá di ẹ̀ṣẹ̀! Ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún, kò sì mọ ẹni tí yóò bá sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀ sì ń bọ̀. Ìrìn àjò tó gùn jù lọ́dún ni ti Ọjọ́bọ̀ yẹn, ọ̀nà orí òkè tí àwọn tírélà ti máa ń sáré tẹ̀ lé èèyàn lẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Lọ́jọ́ Ajé, ó bi ìyàwó rẹ̀ léèrè bóyá yóò bá òun lọ.

"Lórí ìyẹn? Rárá."

"Nígbà náà, èmi nìkan á lọ."

Obìnrin náà jù sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ ò gbọdọ̀ dá lọ. Mo bẹ̀ yín."

"O ò lọ, o ò sì fẹ́ kí n dá lọ. Kí ni kí n ṣe? Kí n gbé irin mi sórí kí n máa fẹsẹ̀ rìn?"

Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí. Ó ní òun ní aṣọ tí òun fẹ́ gé.

Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, alùpùpù tuntun náà tún ní àìsàn. Bí Bàbá Òṣùwọ̀n bá ti dúró ní oríta, yóò kú. Yóò dákẹ́ lọ gbári, àfi kó tẹ bọ́tìnì kó tó jí. Ó wà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì lọ́jọ́ Ajé, wọn ò rí nǹkan kan. Ó wà á lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọn ò rí nǹkan kan. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ sílé tíṣà. Ó ní kí tíṣà jọ̀wọ́ ṣáná sí Arúgbó. Nígbà tí Arúgbó ta kìjí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, Bàbá Òṣùwọ̀n gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé táǹkì epo rẹ̀, ó dijú, ara rẹ̀ rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

"Alùpùpù rèé," ó wí fún tíṣà. "Èyí lóhùn. Odi ni wọ́n tà fún mi."

Lọ́jọ́rú, tí ìrìn àjò ku ọ̀la, ó tún padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Obìnrin ni mẹkáníìkì yìí, ẹni bí ogójì ọdún, nọ́ọ̀tì kì í sì í tán lápò rẹ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Nọ́ọ̀tì. Ẹnu rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mú jù ú lọ.

"Bàbá, ẹ tún dé."

"Ó tún kú. Ẹ̀ẹ̀mejì, láàárín ilé mi àti ibí yìí."

"Báwo lẹ ṣe jí i?"

"Mo tẹ bọ́tìnì. Ó gbọ̀n mí lọ́wọ́ gìrìgìrì, ó sì jí."

Ìyá Nọ́ọ̀tì nu ọwọ́ rẹ̀ lára ṣòkòtò. "Ẹ ṣáná sí i kí n rí i."

Bàbá Òṣùwọ̀n ṣáná sí i. Ó dúró, ó retí. Kò pẹ́ tó fi mi orí. "Ṣé o rí i? Ó ti kú." Ó na ìka sí bọ́tìnì, ṣùgbọ́n Ìyá Nọ́ọ̀tì ti gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo abẹ́rẹ́."

Ní ojú aago alùpùpù náà, abẹ́rẹ́ kan wà tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí sí. Láti ọjọ́ tí Bàbá Òṣùwọ̀n ti ra alùpùpù náà, kò wò ó rí. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí, ó wò ó. Abẹ́rẹ́ náà kò sùn sórí òdo. Ó dìde dúró, ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ìyá Nọ́ọ̀tì yí ọwọ́ alùpùpù, abẹ́rẹ́ sáré lọ sókè. Ó tú u sílẹ̀, abẹ́rẹ́ padà síbi tó wà, ó sì dúró síbẹ̀.

"Ó kú àbí kò kú?"

"Abẹ́rẹ́ yìí ti bàjẹ́ ni," Bàbá Òṣùwọ̀n dáhùn.

Kò tíì sọ ọ́ tán tí ojú fi tì í. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́ran ló bọ́ sí i lẹ́nu yẹn.

Ìyá Nọ́ọ̀tì kò bá a jiyàn. Ó kúrò níwájú rẹ̀, ó bọ́ sẹ́yìn. Bàbá Òṣùwọ̀n ṣì ń wo abẹ́rẹ́ nígbà tó rí i tí obìnrin kan tó ń kọjá lọ́nà fò sókè, tó di àyà mú, tó sì ń wo ẹ̀yìn òun tìbínú-tìbínú. Ọkùnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù òdìkejì náà ti yọjú síta. Òun náà wá yíjú. Ìyá Nọ́ọ̀tì dúró síbẹ̀, òòlù lọ́wọ́ kan, irin táyà àtijọ́ lọ́wọ́ kejì. Ó tún lù ú lójú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára. Bàbá Òṣùwọ̀n gbọ́ nǹkan kan báyìí, kékeré, bí ẹni kan ilẹ̀kùn nílé kẹta.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lù ú kẹ́ ẹ tó yíjú." Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó kọjú sí i dáadáa. "Alùpùpù yìí ò kú rí, Bàbá. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ lẹ ń tẹ bọ́tìnì lé e lórí. Ẹni tí etí rẹ̀ bá pé ò lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, nítorí igbe tó máa ń ké nígbà yẹn, òkú á gbọ́."

Bàbá Òṣùwọ̀n wá ìbínú tì nínú ara rẹ̀. Arúgbó ló ti ń tàn án jẹ. Gbígbọ̀n rẹ̀ ló ń pè ní gbígbọ́, ẹnu àwọn èèyàn ló sì ti ń wò láìfura. Ẹ̀rù bà á gidi, ẹ̀rù tí kò bà á rí lójú ọ̀nà. Ó fi alùpùpù sílẹ̀ níbẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ dání, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, ní gbogbo ọ̀nà ló ń bojú wẹ̀yìn.

Ìyàwó rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Bàbá Òṣùwọ̀n dúró wo abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà bó ṣe ń gún aṣọ wàràwàrà láìdún. Láti ọjọ́ yìí, òun rò pé ìyàwó òun ti fi òróró sí i ni. Òun rò pé ajá aládùúgbò iwájú ilé ti kú, nítorí òun ò gbọ́ gbígbó rẹ̀ mọ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá tóbi, a kì í fi ọ̀bẹ bù ú. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà.

"Màmá, o mọ̀ pé etí mi ti lọ?"

Ẹsẹ̀ obìnrin náà dúró lórí ẹ̀rọ. Ó kọjú sí i. "Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti lé lọ́dún méjì. Tírélà kan ń fun fèrè lẹ́yìn yín, èmi sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo àdúgbò ló sáré jáde. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò yà fún un."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́, ẹ ò gbọ́." Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹ̀rù bà mí pé ẹ máa gbọ́. Kí lẹ fẹ́ dà tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ má gun alùpùpù mọ́? Mo wá ti ṣọ́ọ̀bù, mo bá yín lọ. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lápá òsì, màá fi orúnkún òsì tẹ̀ yín ní ìbàdí, ẹ̀yin á sì yà sí ọ̀tún láìmọ ìdí. Bó bá sún mọ́ wa jù, màá gbá yín léjìká. Orí èyí tẹ́ ẹ rà yìí, mo jìnnà sí yín, ọwọ́ mi ò tó yín, orúnkún mi ò kàn yín. Mò ń rí ikú tó ń bọ̀, n ò rí ibi tí mo lè gbà sọ fún yín."

"Èmi rò pé ìfẹ́ ni."

"Kí wá ni?"

Bàbá Òṣùwọ̀n sún mọ́ ọn lórí bẹ́ǹṣì. "Ṣé ìwọ tiẹ̀ fẹ́ràn ọ̀nà?"

"Mo kórìíra rẹ̀. Gbogbo ibi tá a bá ti dúró, tí mo bá ní mò ń lọ sẹ́yìn igi, èébì ni mo máa ń lọ bì."

Ọdún méjì. Bàbá Òṣùwọ̀n ka àwọn ìlú náà lọ́kàn títí tó fi kà á tì. Ó dìde, ó gbé kọ́kọ́rọ́ alùpùpù kalẹ̀ sórí aṣọ tí wọ́n ń rán lọ́wọ́.

"Lọ́la, bọ́ọ̀sì ni n ó wọ̀. Tí mo bá dé, a ó lọ rí dókítà. Ìwọ ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ."

Obìnrin náà tẹ orí ba, ó fi etí aṣọ nu ojú, ó sì sọ̀rọ̀ kan sínú aṣọ náà. Bàbá Òṣùwọ̀n ti fẹ́ mi orí, ó ti fẹ́ sọ pé ó dáa. Ó dá ara rẹ̀ dúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n ìyàwó rẹ̀ sókè títí ó fi rí ẹnu rẹ̀.

"Màmá, n ò gbọ́. Tún un sọ."

"Mo ní irin mẹ́fà yẹn wúwo," ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹnì kan ò lè dá wọn gbé wọ bọ́ọ̀sì."