Ihò Ráàmù Mẹ́fà

Kí n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ méjèèjì ni mo ti mọ èyí tó máa borí. Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́, mo mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ wa ni ká máa ṣírò odò. Láàárọ̀ kùtù, iye òjò tó rọ̀ lókè odò á dé ọ̀dọ̀ wa, kọ̀ǹpútà wa á sì ṣírò ibi tí omi máa dé, kí àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ odò lè mọ̀ bóyá kí wọ́n kó ẹrù wọn. Sáfà wa àtijọ́, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń ṣe ìṣirò náà, ti gbó. Nígbà mìíràn, omi á ti wọ yàrá onílé kó tó parí ìṣirò. Wọ́n wá ní ká yan òmíràn, oníṣòwò kan sì yá wa ní méjì ká fi ọ̀sẹ̀ méjì dán wọn wò.

Prósẹ́sọ̀ wọn ló yàtọ̀ síra, ìyẹn ọpọlọ tí kọ̀ǹpútà fi ń ronú. Nínú ọpọlọ kọ̀ọ̀kan ni àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké wà tí à ń pè ní kọ́ọ̀, tí wọ́n máa ń pín iṣẹ́ láàárín ara wọn. Ẹ̀rọ kìíní ní kọ́ọ̀ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fara balẹ̀ ṣiṣẹ́. Èkejì ní mẹ́rìnlélọ́gọ́ta péré, àmọ́ ara wọn yá. Ká tó ṣẹ́jú, àwa ará ọ́fíìsì ti sọ èyí àkọ́kọ́ ní Ọlọ́pọ̀-Èrò, a sì sọ èkejì ní Sáré-Kíá.

Ẹ̀gbọ́n ni olórí yàrá ẹ̀rọ. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ nígbà tí mi ò tíì mọ orí wáyà yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀. Ọlọ́pọ̀-Èrò ni tirẹ̀.

"Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà," ó ní. "Odò tó gùn tó báyìí, ṣe la máa gé e wẹ́wẹ́, kí kọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan mú tiẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀pọ̀ èrò tí ò lè sáré, ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ débẹ̀?"

Èmi nìyẹn, Sáré-Kíá ni tèmi. Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, Ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó dùn mọ́ mi gan-an ni.

Màdámù, ọ̀gá wa pátápátá, kì í fẹ́ àríyànjiyàn. Ó pe àwa méjèèjì wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní kí n wọn àwọn ẹ̀rọ náà, kí n kọ rìpọ́ọ̀tù, ohun tí rìpọ́ọ̀tù bá sọ, ibẹ̀ labẹ gé. Ó wá fi ọ̀rọ̀ kejì kún un. Wọ́n ti pàṣẹ láti òkè pé ọ̀kan nínú wa máa lọ bójú tó ilé ẹrù, ibi tí wọ́n ń kó òkú ẹ̀rọ jọ sí ní ìpẹ̀kun ìlú. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá já sí òótọ́ lórí ẹ̀rọ tuntun yìí ni yóò dúró ṣe olórí yàrá. Ẹ̀gbọ́n mi orí, èmi náà mi orí, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ìjókòó inú ọkọ̀ ni wọ́n ń bá wa sọ.

Rìpọ́ọ̀tù mi jáde lọ́jọ́ Ajé. Sáré-Kíá parí ìṣirò odò ní wákàtí kan àti àádọ́ta ìṣẹ́jú. Ọlọ́pọ̀-Èrò lo wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni ìwé jáde pé Ẹ̀gbọ́n ló ń lọ sí ilé ẹrù. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti lò nínú yàrá yẹn. Ó ka ìwé náà, ó ká a sí méjì, ó tì í bọ àpò, ó ní, "Ó dáa."

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, aago méjì ọ̀sán ni Màdámù máa fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n kó Sáré-Kíá wá. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni mo wọ yàrá àyẹ̀wò láti tú ẹ̀rọ méjèèjì, kí oníṣòwò lè wá kó wọn padà. Mo ṣí ìdérí Ọlọ́pọ̀-Èrò, mo bẹ̀rẹ̀ sí yọ ráàmù rẹ̀. Ráàmù ni pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé iṣẹ́ fún ọpọlọ. Ihò méjìlá ló wà fún un, ọ̀nà méjìlá nìyẹn tí oúnjẹ ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn kọ́ọ̀. Mo yọ mẹ́fà. Mo nawọ́ sí ìkeje, kò sí ìkeje níbẹ̀.

Mo fi ìka ka àwọn ihò tó kù, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ṣófo.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí ẹ lè bá mi kẹ́dùn, tàbí kí ẹ bú mi, èyí tó bá wù yín. Ó yẹ kí oníṣòwò kó ráàmù mẹ́rìnlélógún wá, méjìdínlógún péré ló kó wá. Àdéhùn èmi àti Ẹ̀gbọ́n ni pé ẹ̀rọ tó bá kàn láti wọ̀n, ká kó mẹ́fà wá láti ara ìkejì kí tirẹ̀ lè pé méjìlá. Mo kó o fún Sáré-Kíá, mo wọn Sáré-Kíá. Nígbà tó kan Ọlọ́pọ̀-Èrò, mo tẹ bọ́tìnnì, mo lọ jẹun. Mi ò kó nǹkan kan padà. Kọ́ọ̀ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ń fi ìdajì oúnjẹ ṣiṣẹ́, èmi wá ń kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n lọ́ra.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé kí n pa ìdérí náà dé. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ń tan ara mi pé bóyá kò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Mo dá mẹ́fà tí mo yọ padà, mo yọ mẹ́fà mìíràn lára Sáré-Kíá, mo tẹ̀ wọ́n bọ inú ihò tó ṣófo lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo tún ìṣirò odò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì.

Mo wá ń gbàdúrà kó pẹ́. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni o, mo jókòó ti ẹ̀rọ tó yàn, mò ń bẹ Ọlọ́run kó pẹ́, kí n má bàa ní ohunkóhun láti lọ sọ fẹ́nikẹ́ni. Fáànù ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí hu. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣe ló kàn ń mí jẹ́jẹ́. Onígbàálẹ̀ yọjú láti ojú fèrèsé.

"Àǹtí, ṣé ẹ̀rọ yẹn fẹ́ fò lọ ni?"

"Kò ní fò."

"Ẹ̀yin náà, ṣé ara yín yá?"

Mo ní ara mi yá. Àtẹ́lẹwọ́ mi ń làágùn, mò ń nù ún mọ́ síkẹ́ẹ̀tì. Lórí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ti dé ìdá kan nínú mẹ́rin nígbà tí ogún ìṣẹ́jú fi kọjá. Mo ṣírò rẹ̀ lórí, ìdáhùn kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo tún un ṣírò. Ó dé ìdajì. Mo ń wò ó bí ẹni ń wo omi tó ń gun àtẹ̀gùn ilé. Nígbà tó parí, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú méjìlélógún ló lò. Ó fi ìṣẹ́jú méjìdínlọ́gbọ̀n na Sáré-Kíá.

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Tábìlì Ẹ̀gbọ́n wà lójú ọ̀nà ọ́fíìsì Màdámù. Ó ń ká wáyà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sínú páálí.

"Àbúrò, kí ló dé? O ń làágùn bí ẹni tí ajá lé."

"Kò sí nǹkan, Ẹ̀gbọ́n."

Mo kọjá. Mo kórìíra ara mi.

Màdámù ń kàwé nígbà tí mo wọlé. Mo dúró, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, rìpọ́ọ̀tù mi kò tọ̀nà." Mo sọ ti ihò mẹ́fà náà fún un, mo sọ ti iye àkókò tuntun. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ta ló mọ̀?"

"Èmi nìkan, mà."

"Wákàtí mẹ́ta la ní láàárọ̀. Èwo nínú ẹ̀rọ méjèèjì ni ò ní parí láàárín wákàtí mẹ́ta?"

"Méjèèjì ló máa parí."

"O rí i báyìí? Ṣé nítorí ìdajì wákàtí lo ṣe fẹ́ ba orúkọ ara ẹ jẹ́? Mo fẹ́ fi ẹ́ ṣe olórí yàrá lọ́jọ́ Ajé. Lọ jókòó."

Mo yí padà. Òótọ́ ni, mo dé ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ mi sì ti wà lára ilẹ̀kùn. Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Kì í ṣe ọjọ́ tó máa bá a ló ń bà mí lẹ́rù, ogún ọdún tí mo máa fi máa retí rẹ̀ ni.

"Mà, Ẹ̀gbọ́n ńkọ́?"

"Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ẹrù. Wọ́n ti fọwọ́ sí i lókè, kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Tí kì í bá ṣe òun, ta ni?"

Ó mọ ìdáhùn, ó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni.

"Èmi ni, mà."

Kò bínú. Mo rò pé ì bá sàn kó bínú. Ó fa ìlà sórí Sáré-Kíá nínú ìwé kan, ó fa òmíràn sórí orúkọ Ẹ̀gbọ́n nínú ìwé kejì, ó kọ tèmi sókè rẹ̀. Ó ní kí n lọ sọ fún un fúnra mi.

Mo padà dé ìdí tábìlì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má palẹ̀ mọ́. Èmi ló ń lọ." Mo wá jókòó, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àfi àdúrà tí mo gbà. Mo retí kó pariwo, tàbí kó fò sókè. Ó kàn gbé wáyà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ni.

"Mo mọ̀," ó ní.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ Ajé. O kọ iye iná tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan jẹ sínú rìpọ́ọ̀tù. Iná tí Ọlọ́pọ̀-Èrò jẹ ti kéré jù. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ kún fún iṣẹ́ kì í jẹ oúnjẹ ọmọdé. Ebi ló ń pa wọ́n."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Kí n sọ̀rọ̀ kí wọ́n ní mò ń bá ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ du àga? Mo mọ̀ pé o máa tú ẹ̀rọ yẹn lónìí. Mo mọ̀ pé o máa rí i."

"Tí mo bá rí i, tí mi ò sọ ńkọ́?"

"Ǹ bá lọ."

Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, ó sì tún nawọ́ mú wáyà rẹ̀. Mo fẹ́ ní kó dárí jì mí, mo wá rántí. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti ń kí i lárààárọ̀ bí mo ṣe ń kọjá, tó ń gbójú sókè, tó ń bi mí bóyá mo sùn dáadáa, tó sì ń wojú mi títí mo fi máa dá a lóhùn.