Àǹtí Àbíkẹ́ Da Oyin Sínú Púùlù Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ilé ńkọ́? Ẹ wá ibi jókòó sí, ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀, òfófó wà lẹ́nu mi, ó sì gbóná. Tí ẹ bá gbọ́ ní Ìlódè pé ìyàwó Ọláfimíhàn ti ya aláìgbọràn, pé ó ń tàpá sí ẹbí ọkọ, èmi Mojíre ni wọ́n ń bá wí. Wọn ò parọ́ tán. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tẹnu mi ná.

Rọpárọsẹ̀ ló kọlu ọkọ mi lọ́dún tó kọjá. Ẹsẹ̀ òsì kọ̀, kò gbé e mọ́. Dorcas, ọmọbìnrin tó máa ń wá láti ọsibítù wá na ẹsẹ̀ náà fún un, ló dúró lẹ́yìnkùlé wa lọ́jọ́ kan, ó ní, "Mà, kí ni púùlù ìlúwẹ̀ẹ́ yìí ń ṣe níbí?"

Mo ní, "Aṣọ là ń sá sí i."

Òótọ́ ni. Ìgbà tí owó wà lọkọ mi gbẹ́ ẹ, omi ti gbẹ níbẹ̀ tipẹ́. Dorcas ní inú omi ni kí bàbá ti máa kọ́ ìrìn, torí omi á gbé e dúró, kò ní ṣubú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe tún un ṣe o. Oníyọ̀ ni wọ́n bá wa ṣe. Àpò iyọ̀ la dà sínú omi, ẹ̀rọ kékeré kan wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páǹpù tó ń sọ iyọ̀ yẹn di kiloríìnì. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, èmi náà kọ́kọ́ rò pé iyọ̀ ló ń pa kòkòrò. Rárá o, kiloríìnì ni. Iyọ̀ kàn jẹ́ oúnjẹ ẹ̀rọ ni. Òjò ńlá á bomi la iyọ̀ náà, oòrùn á jó kiloríìnì lọ, tí iná ò bá sì sí, ẹ̀rọ á dákẹ́. Nítorí náà, àràárọ̀ ni mo máa ń bu omi sínú ìgò tínńrín, màá kán oògùn àyẹ̀wò sí i, màá wo àwọ̀ ẹ̀. Tó bá yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́, ọkọ mi á wọlé. Tí kò bá ní àwọ̀ rárá, kiloríìnì ti tán, kò ní wọlé. Tó bá ti ń jọ àwọ̀ ọsàn, ó ti pọ̀ jù, kò ní wọlé náà.

Ẹ dúró ná, páǹpù ń pariwo lẹ́yìn mi, ẹ jẹ́ n sún síwájú. Ẹ̀n-ẹ́n. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?

Ó sì ń rìn o! Á di irin ẹ̀gbẹ́ mú, á gbé ẹsẹ̀, á gbé èkejì. Ọkùnrin tí kò lè dá dé ilé ìtọ̀!

Ni ẹbí ọkọ mi bá gbé oyin àti epo wá kí wa. Bọ̀dá Ìlódè ló ṣáájú, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, olórí ẹbí. Oyèlárán lorúkọ wọn, ẹ má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ, ìyàwó ilé kì í la irú wọn lórúkọ. Àǹtí Àbíkẹ́, ọmọ ìyá ọkọ mi, tẹ̀lé wọn. Bí mo ṣe ṣàlàyé fún wọn pé iyọ̀ ló wà nínú omi, Àǹtí Àbíkẹ́ pàtẹ́wọ́.

"Iyọ̀ ti wà ńbẹ̀! Ó ku oyin, ó ku epo!"

Mo rò pé àwàdà ni. Mo wọ kíṣìnì lọ wo iṣu lórí iná. Kí n tó jáde, wọ́n ti yí púùlù ká bí ẹni fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ.

"Ayé Ọláfimíhàn á dùn bí oyin!" Bọ̀dá Ìlódè ló ń gbàdúrà.

"Àmín!" Àǹtí Àbíkẹ́ sì yí kẹ́ẹ̀gì oyin dà sómi, gbogbo ẹ̀.

"Ara ẹ̀ á rọ̀ bí epo!"

"Àmín!" Epo pupa náà wọlé, gbùà.

Mo figbe ta. "Ẹ jọ̀ọ́, omi yẹn ò gba oyin!"

Bọ̀dá Ìlódè wò mí. "Omi wo ni ò gba àdúrà?"

Ọjọ́ kejì, ìgò mi ò ní àwọ̀ kankan. Gbogbo kiloríìnì tí ẹ̀rọ ń ṣe, oyin ń jẹ ẹ́. Epo lẹ̀ mọ́ ògiri. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, omi ti di àwọ̀ ewé, ó ń yọ̀ bí ilá. Ọkọ mi á jókòó, á máa wò ó. Dorcas di ẹsẹ̀ náà mú, ó mi orí. "Mà, ó tún ti ń le o."

Ìròyìn dé Ìlódè. Kí ni Bọ̀dá sọ? Wọ́n ní àdúrà ló lé ohun burúkú inú omi jáde, pé omi yẹn gan-an ló ń mú ọkọ mi lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ń gbé yanrìn bọ̀ wá dí i.

Dí kí ni? Ibi tí ọkọ mi ti ń rìn?

Mo ká aṣọ mi sókè. Mo fi tówẹ̀lì àtijọ́ gbé epo kúrò lójú omi, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha ògiri títí apá fi ń ro mí. Mo fọ asẹ́ páǹpù. Ẹ̀rọ nìkan ò lè gbé e mọ́, ni mo bá ra kiloríìnì oníyẹ̀fun, mo dà á sí i nígbà tí oòrùn wọ̀, mo tan páǹpù. Omi kúrò ní ewé, ó dà bí omi ìrẹsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Nígbà tó fi di Sátidé, mo ti ń rí ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo kán oògùn sí i, àwọ̀ ọsàn! Mo ti fi ìbínú da kiloríìnì jù. Ó di ìgbà tí oòrùn bá jó o wálẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo wà tí fèrè tipá, ọkọ̀ tó kó yanrìn, fi dún níta.

"Ìyàwó, ṣí géètì!"

Mo gba ẹnu ọ̀nà kékeré jáde, mo kúnlẹ̀ síwájú táyà. "Ẹ káàárọ̀ sà."

"Káàárọ̀. Dìde."

"Mi ò tíì kí yín tán sà. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ kú ìnáwó yanrìn. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé kòkó ń so?"

"Mo ní kí o dìde!"

Dẹ́rẹ́bà yọrí. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì ní ibòmíì í lọ."

"Máa lọ, ọmọ mi. Ẹ̀yìn ẹ ò dí."

Àǹtí Àbíkẹ́ kọ hàà. "Ẹ wò ó! Ó ń kúnlẹ̀, ó ń ṣorí kunkun!"

"Orúnkún lẹ fẹ́, mo ti fún yín. Púùlù ò sí nínú ẹ̀."

Bọ̀dá wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Ó dáa. Tí omi ẹ bá dáa, gbé ọkọ ẹ wọ inú ẹ̀ nísinsìnyí, ká rí i."

Ká sòótọ́, ó wù mí. Omi yẹn ń dán. Kí n kàn gbé e wọlé díẹ̀, ẹjọ́ á parí. Ṣùgbọ́n mo rántí àwọ̀ ọsàn inú ìgò. Ojú ẹ̀ á pọ́n, awọ ara ẹ̀ á máa ta á.

"Rárá sà. Kò wọlé lónìí. Kiloríìnì ti pọ̀ jù."

"Ẹ gbọ́!" Àǹtí Àbíkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di géètì mú. "Omi rere tí kò ṣeé wọ̀!"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín, mà. N ò ní fi ara ọkọ mi dán nǹkan wò fún ẹnikẹ́ni."

Ni ohùn kan bá ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá. Ọkọ mi ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò tíì já gaara. "Bọ̀dá mi. Ẹsẹ̀ ta ni?"

Bọ̀dá yíjú sí i.

"Tìẹ ni, Ọláfimíhàn."

"Ẹ gbé yanrìn yín lọ."

Dẹ́rẹ́bà ti bínú, ó yí ọkọ̀ padà, ó da yanrìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, ó sá lọ. Bọ̀dá Ìlódè ò dágbére.

Nígbà tó di ọjọ́ Túsìdeé, ìgò yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́. Ọkọ mi wọlé. Ó rìn dé òdìkejì, ó yí padà, kò di irin mú! Mo pariwo títí aládùúgbò fi sáré wá.

Ní báyìí, wọ́n ti ránṣẹ́. Ìpàdé ẹbí lọ́la, kí n wá tọrọ àforíjì lójú gbogbo ẹbí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ò ní tẹ ilé wa mọ́. Ọkọ mi alára ní kí n lọ bẹ̀ wọ́n, pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Mo ní kì í ṣe lásán. Tí mo bá bẹ̀ wọ́n, mo ti gbà pé omi náà burú nìyẹn, tipá á tún padà wá. N ò bẹ̀bẹ̀. Kí wọ́n má tẹ ilé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ sọ tọkàntọkàn o, ẹ má wojú mi. Ká ní ẹsẹ̀ ọkọ tiyín ni, kí lẹ̀ bá ṣe?